Oògùn Ọ̀fẹ́ àti Bí Ó Ti Í Dé Abà

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni ọba ara. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ń bẹ ní etí odò tí í máa yọ ọba yìí lórí ìtẹ́. Ó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, kí wọn sì mọ bí a ti í dènà rẹ̀.

Eṣinṣin dúdú kékeré kan ni ó ń gbé e kiri. Inú odò tí omi rẹ̀ ń sáré kọjá láàárín àpáta ni ó ń yé ẹyin sí. Ọ̀sán ni í máa bu ènìyàn jẹ, nígbà tí àgbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí ìdí iṣẹ́, tàbí nígbà tí obìnrin bá ń pọn omi. Láti ara ẹni tí ó ní àìsàn náà ni ó ti ń gbé ọmọ kòkòrò lọ sí ara ẹlòmíràn. Àgbà kòkòrò náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Inú kókó abẹ́ awọ ni ó ń gbé, ó sì lè wà láàyè fún ọdún 10 sí 15. Àwọn ọmọ rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, a máa rìn nínú awọ títí wọn yóò fi dé inú ojú. Ara a máa yún aláìsàn tọ̀sán tòru. Ojúgun rẹ̀ a ní àbàwọ́n funfun bí ara ẹkùn. Ojú rẹ̀ a ṣe bàìbàì, títí yóò fi fọ́. Ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní ilé ìwé ni yóò sì máa fi ọ̀pá fà á kiri.

Oògùn rẹ̀ ni Mectizan. Láti inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Jàpáànì ni Satoshi Ōmura ti rí ohun tí a fi ṣe é. Òun àti William Campbell sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2015. Ní ọdún 1987, ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fi í tọrẹ, títí a kì yóò fi nílò rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó gbọ́ èyí lè rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni ó ń fi ọkọ̀ gbé oògùn náà kiri, owó ńlá sì ni ìrìn náà ń gbà. Bí wọn bá dé ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn wà lóko, àwọn tí ó jókòó sílé ni yóò gbà á. Ẹni tí ó wà ní abà etí odò, tí eṣinṣin ń bu jẹ jù lọ, kò ní gbọ́ pé ẹnikẹ́ni wá.

Nítorí náà, ní ọdún 1994 àti 1995, a dán ọ̀nà mìíràn wò ní orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. A fi pípín oògùn náà lé ìlú lọ́wọ́: àwọn ni kí ó yan ẹni tí yóò pín in, kí wọn sì yan ọjọ́ àti ibi. A rí i pé àwọn ará ìlú lè ṣe é dáradára, ọ̀nà yìí ni a sì tẹ̀ lé láti ìgbà náà wá. Ní ọdún 2025, Niger, aládùúgbò Nàìjíríà ní àríwá, di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí a jẹ́rìí sí pé ó ti ṣẹ́gun àìsàn yìí, lẹ́yìn tí a ti pa eṣinṣin náà nínú odò, tí a sì ti pín oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlú tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó kíyè sí nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

Èkíní: Kí ìpàdé ìlú yan ẹni méjì tí ó mọ̀wé, tí a sì fọkàn tán, kí ilé ìlera sì kọ́ wọn. Ó dára kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, nítorí pé aboyún yóò sọ òtítọ́ fún un láìtijú.

Èkejì: Kí wọn kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sílẹ̀, láti ilé dé ilé àti láti abà dé abà, àti ti àlejò tí ń ṣe iṣẹ́ oko pẹ̀lú. Nípa èyí ni a ó fi mọ iye oògùn tí a ó béèrè.

Ẹ̀kẹta: Kí ọjọ́ pípín má ṣe bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Kí a kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, kí agogo sì dún dé abà.

Ẹ̀kẹrin: Gíga ènìyàn ni a fi ń mọ iye tí yóò lò, láti hóró kan títí dé mẹ́rin, ọ̀pá ni a fi í wọ̀n ọ́n. A kì í fún ọmọ tí kò ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, tàbí aboyún, tàbí ìyálọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ kò ì pé ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ẹni tí àìsàn ńlá dá dúbúlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Ọdọọdún ni kí a máa lò ó. Àwọn ọmọ kòkòrò ni oògùn yìí ń pa, kì í pa àwọn àgbà rẹ̀, wọn yóò sì tún bímọ. Bí ara bá yún ẹlòmíràn tàbí tí ó wú díẹ̀ lẹ́yìn tí ó lò ó, kí ó sọ fún olùpín oògùn. Kí ó má ṣe torí èyí kọ̀ ọ́ ní ọdún tí ń bọ̀.

Olùpín oògùn kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òun náà ní oko. Ìlú tí ó bá fi ọjọ́ kan bá a ro ebè rẹ̀ kò ní wá ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà tì ní ọdún kejì.

Ojú tí ó bá ti fọ́, oògùn yìí kò lè là á. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣì ń ríran, ó lè pa á mọ́. Ẹlòmíràn ti fi oògùn tọrẹ; ìrìn tí ó kù láti ilé ìlera dé abà, ti àwọn ará ìlú ni. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe.