Má Dí Ilé Adìyẹ Pa

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn nígbà tí o sọ lórí fóònù pé ẹ ti ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé yín ní Minnesota. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ní o fẹ́ fi ọ̀rá dí gbogbo ihò ilé wọn kí òtútù tó dé, ọkàn mi ò balẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé yìí láti Michigan níbí nìyẹn.

Má dí i o. Òtútù nìkan kọ́ ló ń ba ogbe adìyẹ jẹ́, ọ̀rinrin ló ń bá a ṣe é. Ara adìyẹ máa ń gbóná tó 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹ́ rẹ̀ ló sì ń há ooru yẹn mọ́ ọn lára. Kò sí ìyẹ́ lórí ogbe, kò sí lórí awọ pupa tó rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, kò sì sí lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Bí ilé bá dí pa, èémí wọn àti ìgbẹ́ wọn á mú kí inú rẹ̀ rin, ọ̀rinrin yẹn á bà lé ogbe, òtútù á sì rí i mú.

Nítorí náà, jẹ́ kí ihò afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ òrùlé, níbi tó ga ju orí wọn lọ nígbà tí wọ́n bá ń sùn. Ihò ìsàlẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà fẹ́ lù wọ́n ni kí o dí. Bí o bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ tí òórùn ìgbẹ́ ta ọ́ nímú, tàbí tí omi ń sun lára fèrèsé, afẹ́fẹ́ ò tó nìyẹn.

Da èérún pákó gbígbẹ sílẹ̀ kó nípọn, kí o sì máa kó èyí tó bá rin kúrò. Má gbé omi sínú ilé wọn mọ́jú. Àwọn àgbà ní adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: má fún wọn ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Pákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó bí ínṣì mẹ́rin ni kí o kàn, kí wọ́n lè jókòó lé ẹsẹ̀ wọn, kí ìyẹ́ àyà sì bo ọmọ ìka. Àkùkọ ni kí o máa ṣọ́ jù, torí ogbe tiẹ̀ tóbi.

Má gbé gílóòbù tó ń gbóná síbẹ̀. Èérún pákó àti eruku yára gbaná, irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ sì ti jó ọ̀pọ̀ ilé adìyẹ.

Bí ogbe bá funfun tàbí tó rí bí eérú, òtútù ti mú un nìyẹn. Má fọwọ́ ra á, má sún un mọ́ iná. Gbé adìyẹ náà wọlé, fi aṣọ tí o rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo ogbe náà, má sì dá adìyẹ náà padà sínú òtútù títí yóò fi sàn. Bí ibẹ̀ bá dúdú, má gé e; ohun tó ti kú á já fúnra rẹ̀. Bó bá wú tàbí tó ń ṣọyún, pe dókítà ẹran.

Jọ̀ọ́, Àbẹ̀kẹ́, kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́, la ihò sábẹ́ òrùlé náà, kí o fi àwọ̀n irin bò ó kí ẹranko má baà gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí yẹn ò lè ṣe é fúnra wọn. Ìwọ ni wọ́n ń wò.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.