Máàkì 38 àti Ewì Ìlà Márùn-ún: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Ìdánwò ní Ògùnpa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ìdánwò, àyà ẹlòmíràn á ti máa já. Ẹ fara balẹ̀. N kò wá ta ìbéèrè ọdún tó kọjá fún yín. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ohun tí ìdánwò lítíréṣọ̀ ń dán wò gan-an, nítorí pé èmi fúnra mi ti fún ẹnì kan ní máàkì tí n kò lè gbèjà rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Masters, olùkọ́ kan ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ láti máàkì ìwé ìdánwò. Ìwé 60 ni. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gba olùkọ́ yìí kò wọ́pọ̀ láàárín wa: yàtọ̀ sí pé ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ máa wá ọ̀nà tuntun tí a lè fi mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lóye ohun tó kà. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ wo nìyẹn, ṣé ìdánwò kì í ṣe ìdánwò ni? Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè kan dá lórí "Ibadan" ti J. P. Clark. Ọ̀pọ̀ wa ti bá ewì náà pàdé láti ilé-ìwé girama. Ìlà márùn-ún péré ni. Ó fi ìlú tó tàn ká orí òkè méje wé àwo tó fọ́ sínú oòrùn, ó sì fi àwọ̀ ìpẹtà àti ti wúrà kùn ún. Nínú àwọn ìwé tí mo kà, ó ju ìdajì lọ tó sọ ohun kan náà pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, torí pé inú hándáàtì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti há a sórí. Kódà àṣìṣe sípẹ́lì tó wà nínú hándáàtì náà bá wọn wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Mo fún wọn ní 60, mo fún wọn ní 65. Mo wá kan ìwé kan tí gbólóhùn rẹ̀ ń já lójú ọ̀nà, tó fa ìlà pa ọ̀rọ̀ níbi púpọ̀, tí kò sì parí. Mo kọ 38 sí i. 40 ni a fi ń yege ní ẹ̀ka wa. Ẹni tó ni ín sì ti ń gbé kọ́ọ̀sì yẹn bọ̀ láti ọdún tó ṣáájú, kárí-ófà rẹ̀ ni.

Ibo ni irú ìdánwò yìí ti wá? Nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, kì í ṣe oyè tirẹ̀ ló ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni, títí di 1962 tó di yunifásítì tó dá dúró. Nítorí náà, ìwọ̀n Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn ọmọ Ìbàdàn. N kò sọ pé ìwọ̀n yẹn burú o. Achebe, Clark àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá ló kọjá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Clark fúnra rẹ̀. Ó gba oyè èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wá ìwé ìdánwò rẹ̀ kiri lónìí. Ohun tí a ń wá ni The Horn, ìwé ìròyìn ewì tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1958, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ wọn, Martin Banham. The Horn kò ní máàkì kankan. Ní 1961, Ulli Beier pẹ̀lú Soyinka, Clark àti àwọn mìíràn dá Mbari Club sílẹ̀ ní ìgboro, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, níbi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Ògùnpa. Iṣẹ́ tó dára jù lọ nígbà yẹn, ẹ̀yìn gbọ̀ngán ìdánwò ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti mọ èyí tipẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ bá fẹ́ gba fíríídọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ kò ní sọ pé kó kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí bí wọ́n ṣe ń gé ṣòkòtò. Aṣọ ni yóò gbé fún un.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ wa mú 40 nínú 100 tó jẹ́ ti iṣẹ́ àárín sáà, ó yí i padà. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ewì Clark lọ sí Ògùnpa, kó lo wákàtí kan níbẹ̀, kó fi ọwọ́ kọ ohun tó bá rí àti ohun tó bá gbọ́ sínú ìwé, lẹ́yìn náà kó wá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti fẹnu dáhùn ìbéèrè. Ẹnì kan béèrè pé ṣé a lè ṣe é nílé. Olùkọ́ ní, "ChatGPT kò tíì dé Ògùnpa rí. Ìwọ lọ."

Mo bá wọn lọ. Ẹ mọ Ògùnpa: ariwo kọ́ńdọ́, àwọn ọlọ́jà tó to ọjà dé etí títì, àti odò tí wọ́n fi kọnkéré há mọ́, tó ń wọ́ nínú ìdọ̀tí bí ẹni pé kò pa ènìyàn rí. Odò yìí kan náà ló kún ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún 1980, tó gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Omíyalé. Ìyá kan tó ń ta ike rí wa pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ̀ ń kọ? Ṣé wọ́n tún fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù ni?" A ní rárá o, Mà, ewì là ń kà. "Ewì? Nínú gọ́tà?" Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wá wò wá.

Ọmọkùnrin tí mo fún ní 38 wà níbẹ̀. Nígbà tí ó kàn án láti dáhùn, olùkọ́ bi í pé níbo ni akéwì dúró sí tó fi rí ìlú báyẹn.

"Òkè ni, Mà. Ẹni tó bá wà ní Ògùnpa kò lè rí òkè méje. Ó ní láti jẹ́ pé ibì kan bí Òkè Mápò ló dúró sí, tó ń wò wá nísàlẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ fi ṣàpèjúwe ìlú, ọ̀rọ̀ omi ni. Omi tó ń sáré, tó ń ta sílẹ̀. Ẹni tó wà lókè rí àwọ̀ tó dára. Àwa tá a wà nísàlẹ̀, a mọ ohun tí omi máa ń ṣe sí àwo. Màmá mi àgbà kò rí abọ́ kan kó jáde lọ́dún Omíyalé."

Ó mọ̀ pé kò lè jẹ́ omi 1980 ni Clark ní lọ́kàn, nítorí ewì náà ti wà ṣáájú; òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó bi í. Ohun tó ń sọ ni pé ibi tí òǹkàwé dúró sí máa ń yí ohun tó rí nínú ewì padà. Yorùbá ló kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Olùkọ́ ní kó tún un sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tọrọ àyè, mo yọ ìwé ìdánwò rẹ̀ àtijọ́ jáde. Lábẹ́ ìlà tó fi pa ọ̀rọ̀, mo rí i: ó ti kọ ọ̀rọ̀ omi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pa á rẹ́. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí, ó ní, "Kò sí nínú hándáàtì, sà."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdánwò àfẹnudáhùn kò ní àbùkù. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn lè fi bo àìmọ̀kan, onítìjú á sì pàdánù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún 60 ènìyàn, wákàtí mẹ́wàá gbáko nìyẹn, ó sì máa ń rẹ olùkọ́ débi pé ẹni ìkẹyìn lè jìyà rẹ̀. Àwa méjì ló ń fúnni ní máàkì, a fi fóònù gba ohùn sílẹ̀, a sì ti fún wọn ní ìlànà ṣáájú: 15 fún ohun tó tọ́ka sí nínú ọ̀rọ̀ ewì, 15 fún ohun tó fà yọ láti inú rẹ̀, 10 fún ìwé àkọsílẹ̀. Èdè tó dán kò ní máàkì tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ mìíràn bínú sí apá tó jẹ́ pé a gba Yorùbá láàyè nínú kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán. Ní tèmi, bí ìtumọ̀ bá kọ́kọ́ gba Yorùbá kọjá, kí ó gbà á kọjá, níwọ̀n ìgbà tó bá dé Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ náà gba 33 nínú 40, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ kárí-ófà. 38 àtijọ́ ṣì wà lórí èsì rẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí i, kò ṣeé yí mọ́. Ẹ̀yin tó bá kàn ní sáà yìí, ẹ mú ìwé tí ó nípọn lọ, kí ẹ má lọ lọ́jọ́ òjò, kí ẹ sì kọ́kọ́ kí àwọn ìyá ọlọ́jà kí ẹ tó yọ bírò.