NÍGBÀ TÍ ILÉ-ẸJỌ́ BÁ NÍ KÍ ÒBÍ LỌ GBA Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ỌMỌ TÍTỌ́

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ kì í dùn létí ará oko. Bí ìwé ìpè bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kí a tó bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ọkàn gbogbo ilé yóò ti dàrú, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé nítorí ọmọ ni a ṣe pe baba tàbí ìyá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹkùn Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rò ni pé ìjọba fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí ó bí i. Nítorí ìbẹ̀rù yìí, ẹlòmíràn a gbé ọmọ náà sá lọ sí abà, ẹlòmíràn a fi í ránṣẹ́ sí ìbátan ní Benin tàbí ní Èkó kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Ìsákúsàá bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń sọ ọ̀ràn kékeré di ńlá. Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun tí òfin wí, àti lórí apá kan nínú rẹ̀ tí a kì í sábàá gbọ́: pé ilé-ẹjọ́ lè fi ọmọ sílẹ̀ sọ́wọ́ òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó pàṣẹ pé kí òbí náà gba ìtọ́ni.

Òfin báyìí kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní 1943, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń lọ lọ́wọ́, ni ìjọba àwọn òyìnbó ṣe òfin lórí àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà. Òfin náà fún adájọ́ ní agbára láti mú kí òbí tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò tọ́jú ọmọ òun bí ó ti yẹ, tàbí láti fi ọmọ náà sí abẹ́ ìṣọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 1946, a ṣe ìlànà kan ní Èkó tí ó de ìkiri ọjà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14. Inú àwọn ìyá ọlọ́jà kò dùn sí i rárá. Wọ́n ní ìkiri ni ilé-ìwé tí ọmọbìnrin ti ń kọ́ òwò. A kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá olówò ńlá ni ó bẹ̀rẹ̀ láti orí igbá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ ń kiri lónìí kì í ṣe ọ̀nà àtijọ́ mọ́, ọkọ̀ àjàgbé kò sì mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà.

Òfin tí ó wà lórí ọ̀ràn náà nísinsìnyí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003. Ṣáájú rẹ̀, ní 1989, àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé. Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní 1991. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ jẹ́ èyí tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbára lé lórí, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2007. Ọmọ, gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti túmọ̀ rẹ̀, ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18.

Àwọn wo ni a lè mú ọ̀ràn wọn lọ síwájú adájọ́? Ọmọ tí kò ní òbí tí àwọn ìbátan sì ti kọ̀ sílẹ̀ wà nínú wọn. Ọmọ tí a lù ní ìlùkulù tàbí tí a pa tì wà níbẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n tí kò mójú tó o, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ọtí àmujù ti sọ òbí rẹ̀ di aláìwúlò, àti èyí tí ń rìn gbéregbère kiri ìgboro tí kò ní ibùgbé. Ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ, tí àwọn ènìyàn ń pè ní òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, ni ó ń mú ọ̀ràn náà wá.

Ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ni Kóòtù Ìdílé, ó sì ní ìpele méjì: ti Ilé-ẹjọ́ Gíga àti ti Májísíréètì. Ní ti Májísíréètì, adájọ́ kì í dá jókòó. Àwọn olùbádámọ̀ràn méjì a wà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. A kì í jẹ́ kí àwọn èrò ìwòran wọlé. Òfin kò sì gbà kí a tẹ orúkọ ọmọ náà tàbí àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tí ń bẹ̀rù pé gbogbo ọjà ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé òun yẹ kí ó mọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kà á tí yóò sọ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí. Baba jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, abà rẹ̀ wà ní òdìkejì odò Ọ̀sẹ̀, a máa lò tó ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ kí ó tó padà wá sílé. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti lọ, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ọmọ ọdún 11. Ìyàwó kejì ni ọmọ náà ń bá gbé, obìnrin yìí sì ní ọmọ kéékèèké mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni ọmọ náà ń kiri omi inú ọ̀rá lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ láti Ọ̀wọ̀ sí Benin. Ní ọjọ́ kan, náírà 200 dín nínú owó tí ó mú wálé. Obìnrin náà mú wáyà, ó nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ́. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ rí i pé ọmọ náà kò lè fẹ̀yìn ti àga. Ó sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀gá ilé-ìwé sì ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà.

Nígbà tí wọ́n dé ilé-ẹjọ́, ohun tí baba sọ ni pé, “Olúwa mi, èmi kò fọwọ́ kan ọmọ náà. Oko ni mo wà.” Ó rò pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dá òun láre. Kò mọ̀ pé ohun tí òfin ń bi í léèrè gan-an nìyẹn: ta ni ó fi ọmọ tì, tí kò sì padà wò ó? Àìmójútó baba àti wáyà ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ọ̀ràn ni méjèèjì.

Ọ̀nà púpọ̀ ni ó ṣí sílẹ̀ fún adájọ́. Ó lè fi ọmọ náà sọ́wọ́ ẹni tí ó yẹ, ìbáà ṣe ìbátan tàbí ẹlòmíràn. Ó lè ní kí àwọn òbí tọwọ́ bọ̀wé ìdúró. Ó sì lè jẹ́ kí ọmọ wà nílé, ṣùgbọ́n kí ilé náà wà lábẹ́ ìṣọ́ òṣìṣẹ́ fún ìgbà kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá baba rẹ̀ nígbà tí ìwádìí ń lọ. Lẹ́yìn èyí, ó padà sílé lábẹ́ àṣẹ ìṣọ́. Òfin ka iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ náà yóò máa ṣe: kí ó máa gba ọmọ nímọ̀ràn, kí ó máa ràn án lọ́wọ́, kí ó sì máa bá a ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀kẹta yìí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, pé òfin ìjọba lè pàṣẹ ìbádọ́rẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti nà dé ojú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀ fún àlejò. Bí àwọn òbí kò bá sì tẹ̀lé àṣẹ náà, òṣìṣẹ́ yìí kan náà ni yóò padà lọ sọ́dọ̀ adájọ́ pé kí a yí i padà, ìgbà yẹn ni ó lè di pé kí ọmọ kúrò nílé ní tòótọ́.

Kí ni a ń kọ́ òbí nínú irú ìtọ́ni bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ìwàásù. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbáwí. Yóò kọ́kọ́ ní kí obìnrin náà ka gbogbo ohun tí ọmọ náà ń ṣe láti ìgbà tí àkùkọ bá ti kọ títí di ìgbà tí yóò sùn. Ó pọn omi, ó gbálẹ̀, ó wẹ̀ fún àwọn àbúrò, ó fọ abọ́, ó lọ sí ilé-ìwé lẹ́yìn tí agogo ti lù, ó kiri omi títí ilẹ̀ fi ṣú, ó padà wá gbé ọmọ pọ̀n. Kí ó tó kà á dé ìdajì, ohùn rẹ̀ yóò ti rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ yóò bi òun pàápàá léèrè pé, “Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́? Nígbà wo ni ẹ ń sinmi?” Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí ó rẹ̀ tí ebi sì ń pa kì í ní sùúrù, ẹgba a sì máa sáré dé ọwọ́ rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó a tẹ̀ lé e. Wọn yóò jọ ṣírò èrè orí omi náà, wọn yóò sì wò ó bóyá ó tó fi ilé-ìwé ọmọ dù. Baba yóò ṣèlérí iye tí yóò máa fi sílẹ̀ fún oúnjẹ kí ó tó lọ sí oko, àti ọjọ́ tí yóò máa padà wálé. Ní ti ìbáwí, a óò kọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí inú kọ́kọ́ rọ̀. Kí ọmọ mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kí a tó jẹ ẹ́ níyà. Kí ìyà náà jẹ́ èyí tí ó bá ẹ̀ṣẹ̀ mu, bí i kí a gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí kí ó tún iṣẹ́ tí ó bàjẹ́ ṣe. Kí a sì máa yìn ín nígbà tí ó bá ṣe dáadáa, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣe nítorí wọ́n rò pé ìyìn ń ba ọmọ jẹ́. Àwọn àgbà wa ti sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti gbàgbé.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀: baba a máa rán ìyàwó nìkan lọ gba ìtọ́ni, òun a sì ní ọ̀rọ̀ ilé ni, ti obìnrin ni. Ẹ̀kọ́ tí ẹnì kan gbọ́, tí ẹnì kejì kò gbọ́, ìjà ni ó ń dá sílẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé òfin yìí yóò sọ ọmọ di aláfojúdi. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i pé òfin kan náà ni ó ní kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà, kí ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ó sì fi í lé òbí lọ́wọ́ láti kọ́ ọmọ ní ojúṣe rẹ̀. Àní òfin ìwà ọ̀daràn tí ó wà láti ayé àwọn òyìnbó, èyí tí ó gba òbí láyè láti na ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 fún ìbáwí, sọ gbangba pé nínà náà kò gbọdọ̀ dá ọgbẹ́ sí i lára. Kò sí ìgbà kan tí òfin fọwọ́ sí wáyà.

Ǹjẹ́ irú ẹ̀kọ́ yìí tilẹ̀ wúlò? Ní Gúúsù Áfíríkà, a dán an wò ní ìletò àti àdúgbò 40 ní agbègbè Eastern Cape, láàárín ìdílé 552 tí wọ́n ní ọ̀dọ́ nílé. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni a kọ́ láti darí rẹ̀, ìpàdé 14 ni wọ́n ṣe. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, a rí i pé lílù àti èébú dín kù nínú àwọn ilé tí ó gba ẹ̀kọ́ náà ju àwọn tí kò gbà á lọ. Àwọn wọ̀nyẹn kò ti ilé-ẹjọ́ wá, tinútinú ni wọ́n fi wá. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí adájọ́ rán wá kọ́kọ́ wá pẹ̀lú ìkanra.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun mọ̀ nípa èyí ju ará ilé lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan ti 1998 fún ilé-ẹjọ́ láṣẹ láti ní kí òbí ọmọ tí ó dẹ́ṣẹ̀ máa lọ sí ìpàdé ìtọ́ni, tí kò ní ju oṣù 3 lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti 1997 ní bí ọmọ bá ti wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ìjọba fún oṣù 15 nínú oṣù 22, ó di dandan, àyàfi fún àwọn ìdí kan, kí ìpínlẹ̀ béèrè ní kóòtù pé kí a já okùn tí ó so òbí mọ́ ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó bá tẹlifóònù wálé láti ibẹ̀ pé wọ́n ní kí òun wá sí kíláàsì òbí, kí a má ṣe sọ fún un pé kí ó má dá wọn lóhùn. Ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀.

Níhìn-ín, ní 1955, ọmọ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń pè wá sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́, Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, sì wà lára àwọn tí ó gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn òbí kan fi ọmọ pamọ́ sí oko nígbà náà pẹ̀lú.

Bí àkókò ìṣọ́ bá pé tí gbogbo nǹkan sì ti gún, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lè béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ pé kí a mú àṣẹ náà kúrò, àní kí àkókò náà tó pé pàápàá. Ẹni tí ìwé ìpè bá dé ọwọ́ rẹ̀, tàbí tí ó rí ọmọ tí a ń jẹ níyà, kí ó lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ní Ọ̀wọ̀, tàbí ní Ìfọ́n fún àwọn ará Ọ̀sẹ̀. Kí ó mú ìwé ìpè náà dání, àti ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ àti káàdì ilé-ìwé rẹ̀ bí wọ́n bá wà. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè mú ẹni tí yóò kà á fún un lọ.