Ẹni Tí Wọ́n Ṣiṣẹ́ Abẹ Ọrùn Fún, Kó Ṣọ́ra fún Oògùn Láti Ilé

Ní Ekenwan Road ní Benin City, kì í pẹ́ kí èèyàn tó rí oògùn ara ríro rà. Ẹ ó kàn yà sí kẹ́míìsì, ẹ ó ní ara ń ro yín, olóògùn á sì já hóró mélòó kan sínú ọ̀rá kékeré. Kò ní bi yín ní ohunkóhun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ ọrùn fún, gbọ́dọ̀ gbàgbé ọ̀rá yẹn pátápátá. Ojú ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan rí màbo nítorí ẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún wọn máa ń kú tipiri, nítorí dísìkì tó wà láàárín eegun ọrùn ti yọ, ó sì ń tẹ iṣan tó lọ sí apá. Àwọn dókítà gba iwájú ọrùn wọlé, wọ́n yọ dísìkì náà, wọ́n sì fi irin de eegun òkè àti ti ìsàlẹ̀ mọ́ra. Irin yẹn kàn ń di eegun mú ni. Eegun fúnra rẹ̀ ló máa hù títí á fi so pọ̀, ìyẹn sì lè gba oṣù mẹ́ta títí dé ọdún kan. Sìgá máa ń fà á sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í sì í fẹ́ kí èèyàn lo ibuprofen tàbí diclofenac ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, kó má baà dí eegun lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ̀gbọ́n fi nọ́ńbà sọ bí ìrora ṣe pọ̀ tó, láti òdo dé mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n ní, "A dúpẹ́, ó ti sàn." Bẹ́ẹ̀ wọn ò rí oorun sùn mọ́jú. Nọ́ọ̀sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Co-codamol nìkan ni ẹ̀gbọ́n gbé délé, kò sì ká ìrora náà. Ni wọ́n bá pe àbúrò wọn ní Ekenwan. Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ilé fi gbé ọ̀rá dé: diclofenac àti Panadol Extra.

Hóró co-codamol kan ní paracetamol 500mg nínú. Panadol Extra náà ní 500mg. Hóró co-codamol mẹ́jọ lójúmọ́ ti pé 4,000mg, ibẹ̀ sì ni òpin fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24. Ohunkóhun tí ẹ bá tún fi lé e, ẹ̀dọ̀ yín lẹ ń fi jẹ níyà. Diclofenac ní tirẹ̀ lè dá egbò sí inú. Láti January 2015, wọn kì í ta oníhóró rẹ̀ ní Britain láìsí ìwé dókítà. Nígbà tí ìgbẹ́ ẹ̀gbọ́n dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú wọn. Ọpẹ́ ni pé a tètè gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Nítorí náà, ẹ sọ ìrora yín bó ṣe rí. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ ní mẹ́jọ. Kò ní kí ẹ má dúpẹ́, kò sì sọ yín di ọ̀lẹ. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò, títí kan àgbo. Bí oògùn kò bá ká a, ẹ pe dókítà yín tàbí 111. Oògùn mìíràn wà tí wọ́n lè fi kún un. Codeine inú co-codamol máa ń mú kí ìgbẹ́ le, ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ sì máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀fun lè máa dùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohùn sì lè há. Ẹ jẹ́ kí òkèlè kéré kó sì rọ̀. Kò sí ẹrù orí, kò sí ọmọ pípọ̀n, àgbà kankan ò sì ní bínú bí ẹ kò bá dọ̀bálẹ̀. Bí ọrùn bá ṣàdédé wú, bí mímí bá ṣòro, tàbí bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń rọ, 999 ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe ilé.