Àwòdì ń Rábàbà, Ọkọ̀ ń Gúnlẹ̀

Bí oòrùn bá ti mú dáadáa, àwòdì a gòkè wáàfù Àpápá. Á na apá méjèèjì láìjù wọ́n, á wá máa yí po lókè àwọn kọ̀ńtéénà. Ẹni tó bá ní ó “ń fò” kò ṣìwí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ṣe wẹ́kú wà nílẹ̀: àwòdì ń rábàbà. Ẹyẹ tó ń fò ní ibi tó ń lọ. Èyí tó ń rábàbà, ojú kan ló ń ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ bàálù tí wọ́n fẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ sátẹ́láìtì. Zephyr lorúkọ ọ̀kan nínú wọn. Apá rẹ̀ gùn ní mítà 25 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, síbẹ̀ kò tẹ̀wọ̀n ju kìlógíráàmù 75, ìwọ̀n géńdé kan. Nǹkan bí kìlómítà 20 sókè ló ti ń rábàbà, níbi tí bàálù akérò kì í dé. Lọ́dún 2025, ọ̀kan gbéra ní Kẹ́ńyà, ó sì lo ọjọ́ 67 lókè.

Sólà ara apá rẹ̀ ń gba oòrùn lọ́sàn-án, bátìrì a gbé e di òwúrọ̀. Kí òǹkọ̀wé ṣọ́ àmì ohùn níbí: oòrùn là ń yá, oorun là ń sùn, òórùn là ń gbọ́. Bàálù yìí ń jẹ oòrùn, kì í sun oorun.

Àwọn kan ń pè é ní “bàálù tí kò ní atukọ̀”. Atukọ̀ wà, ilẹ̀ ló jókòó sí, nídìí kọ̀ǹpútà. “Bàálù tí kò gbé atukọ̀” ló tọ̀nà. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ti èyí, ará ilẹ̀ ń wò ó, ó sì ń darí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì, “gúnlẹ̀”, kò jìnnà sí Àpápá: ó wà nínú orúkọ àdúgbò Ajégúnlẹ̀. Gún ilẹ̀ ni, bí imú ọkọ̀ ojú omi ṣe ń kan èbúté. Ajé ló gúnlẹ̀ síbẹ̀. Lónìí a ti yá ọ̀rọ̀ náà fún bàálù, ó sì bá a mu, torí ohun tó bá gúnlẹ̀ lọwọ́ ń tó.

Sátẹ́láìtì kì í sábà gúnlẹ̀. NigComSat-1 tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ láti Ṣáínà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007 níṣòro iná ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Nǹkan bí kìlómítà 36,000 sókè ló kú sí, níbi tí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan kò lè dé. Oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni arọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, tó gòkè.

Bàálù ní tirẹ̀ lè gúnlẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe, bí kò bá kọ́kọ́ já. Zephyr tó lo ọjọ́ 64 lókè Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, jíjá ló já. Akọ̀ròyìn tó bá kọ “gúnlẹ̀” fún un ti yí ìròyìn padà. Kó pín in báyìí: bàálù gbéra, ó ń rábàbà, ó gúnlẹ̀ sí pápá; èyí tí ìjì dá apá rẹ̀, ó já lulẹ̀.