Gasket Nìkan Kọ́ Lẹ́bi

Ọmọ mi, bí top gasket ẹ́ńjìnnì fọ́kílíìfù bá jó lẹ́ẹ̀kejì, má tíì sáré ra òmíràn. Ooru àpọ̀jù ló sábà máa ń fà á. Wo rédíétọ̀ ná: ẹ̀yìn ló wà, nítòsí irin wúwo tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà dojú dé, eruku ilé ìkẹ́rùsí sì máa ń dí ojú rẹ̀ pa. Wo thermostat àti páǹpù omi pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, fi irin títọ́ àti feeler gauge wọn ojú top cylinder. Bó bá fi 0.1 mm péré tẹ̀, ó lè tó láti jò. Wọn ojú bulọ́ọ̀kù náà. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fò. Bóòtì tó ti nà, má dá a padà. Jọ̀ọ́, má gba owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ oníbàárà.