Kí Ọ̀dọ́ Fetí sí Radiolab

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì ṣùgbọ́n tí ìwé ti sú, kó gbọ́ Radiolab, pọ́díkáàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò WNYC, New York, ní 2002. Orin kíkọ ni Jad Abumrad tó dá a sílẹ̀ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Oberlin, ó sì hàn nínú bí ìró àti ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń báni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ìpín tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ni ti ọdún 2010, tó sọ ìtàn Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí àrùn jẹjẹrẹ pa ní 1951. Àwọn dókítà Johns Hopkins ní Baltimore gé lára kókó rẹ̀ láìgba àṣẹ. Sẹ́ẹ̀lì inú kókó náà kò kú. Ó ń pọ̀ sí i títí dòní, òun ni wọ́n sì fi dán àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wò. Ọdún lé ní 20 kọjá kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mọ̀! Ìwà àìtọ́ gbáà nìyẹn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ di dókítà gbọ́ ọ.

Ọ̀fẹ́ ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bá yá jù, kí ọ̀dọ́ dín ìyára rẹ̀ kù lórí fóònù.